Ẹsẹ̀ Télọ̀ Tó Ń Jí Agboolé fún Sàárì

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, owó ló ń sọ àwọn kan di olókìkí, ẹnu ló sì ń sọ àwọn mìíràn dà bẹ́ẹ̀. Jíbrílù Àkàndé télọ̀ kò lówó, ẹnu rẹ̀ kò sì mú. Ẹsẹ̀ ni Ọlọ́hun fi sọ ọ́ di olókìkí, ẹsẹ̀ òsì pàápàá.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n kò tíì hu irùngbọ̀n tí bàbá rẹ̀ fi fà á lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pé kó kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Kò padà sílé mọ́. Èkó ló ti gba òmìnira iṣẹ́, Èkó ló ti fẹ́ Hàwáwù Àyìnkẹ́, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti bí Mùsílíù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ti dàgbà tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Kò sí aṣọ tí ọwọ́ Jíbrílù kò mọ̀ ọ́n rán. Àwọn lọ́yà Igbosere máa ń gbé kóòtù dúdú wọn wá fún un kó bá wọn tún un ṣe, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ máa jiyàn òfin bí ẹni pé adájọ́ wà lábẹ́ maṣíìnì. Bí Jíbrílù bá fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, á tẹ maṣíìnì náà kíkankíkan títí ariwo rẹ̀ á fi bo tiwọn. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ ni òun àti Hàwáwù háyà nílé Bàbá Mọ̀núrù, nínú òpópó kan tí kò já síbì kankan. Bàbá Mọ̀núrù jẹ́ arúgbó tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, tí kì í pa wákàtí ìrun jẹ, àmọ́ ahun ni. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sọ ọ́, òun náà kò sì jiyàn.

Ọdún tí gbogbo Èkó ń múra de àjọ̀dún àṣà Fẹ́sítáàkì ni ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó, ṣùgbọ́n ọdún tó ṣáájú ni pajápajá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Jíbrílù. Lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ náà kì í dùn ún rárá. Ó tilẹ̀ kú ni, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọn tí kò lè bọ́ ọ. Òru ló ń jí. Bí ìdájí bá ti ń sún mọ́lé, nígbà tí oorun dùn jù lọ, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á kó jọ, á le bí igi, á sì máa fún ara rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ lómi. Jíbrílù á ta nàró lórí bẹ́ẹ̀dì, á ké: “Yéè! Ẹsẹ̀ mi o! Yéè!”

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Jíbrílù, àmọ́ ohùn ladani ni Ọlọ́hun fi sí i lọ́fun. Bó bá ti ké báyìí, kò sí ẹni tó tún ń sùn nínú ilé náà.

Bẹ́ẹ̀dì wọn kò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀dì onírin ni, tó ní sípíríǹgì. Jíbrílù ló rà á ní Apọ́ngbọ̀n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe yìgì, orí ara rẹ̀ ló sì fi rù ú wá sílé kí gbogbo ayé lè rí i pé ọmọ Ìjẹ̀bú náà mọ ìyàwó ọ́ tọ́jú. Bí ẹsẹ̀ bá ta báyìí, gbogbo sípíríǹgì ni yóò dáhùn. Ó wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ní òru ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ náà ta, ó ba Hàwáwù níhà, obìnrin náà sì bá ara rẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ibi tí èèyàn tó lẹ́ran lára bíi tirẹ̀ kò ti lè tètè jáde. Nígbà tí wọ́n fà á yọ tán, kò bínú. Ó ká ẹní, ó mú ìrọ̀rí.

“Bàbá Mùsílíù,” ló wí, “èmi fẹ́ràn yín o. Ẹsẹ̀ yín ni kò fẹ́ràn mi. Ọjọ́ tó bá lè jẹ́ kí n sùn mọ́jú, mo máa padà.”

Ó bá kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tó dun Jíbrílù jù nìyí. Pajápajá kì í pẹ́ tó fi ń lọ, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo kì í lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ ọjọ́ palẹ̀ kí oorun tó gbé wọn: lọ́yà wo ló purọ́, ta ló lóyún, kí ni Mùsílíù ń jẹ ní Kàdúná lọ́hùn-ún. Ní báyìí ògiri ló ń bá sọ ọ́, ògiri kì í sì í rẹ́rìn-ín. Kí Hàwáwù padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kò tún tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́hun mọ́.

Báyìí ni oṣù àwẹ̀ ọdún náà bá wọn. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ oníwéré ló ń jí èèyàn fún sàárì. Wọ́n á máa kọrin láti òpópó dé òpópó, wọ́n á lu agolo, wọ́n á dárúkọ onílé títí á fi dáhùn. Bí àwẹ̀ bá parí, onílé á ṣe wọ́n lóore. Oore yìí ló ń dun Bàbá Mọ̀núrù. Àwẹ̀ kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó fi ṣàkíyèsí pé kí oníwéré tó dé òpópó wọn, Jíbrílù á ti ké, Ìyá Ganiat tó ń gbé yàrá ọ̀ọ́kán á ti dáná, gbogbo ilé á sì ti máa jẹun. Pajápajá kì í pa àsìkò rẹ̀ jẹ. Bàbá Mọ̀núrù bá lọ bá olórí àwọn oníwéré.

“Ẹ má wulẹ̀ wọ òpópó wa mọ́,” ló wí. “Àwa ti ní tiwa.”

“Ta ló ń bá yín kọrin, Bàbá?”

“Kì í kọrin. Ó kàn ń ké ni.”

Ó dun àwọn ọ̀dọ́ náà wọnú eegun. Wọ́n ní láyé, àwọn kò tún ní í wọ òpópó yẹn mọ́. Àwọn ará ilé ní kò burú, wọ́n sì ń kí Jíbrílù láràárọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ sàárì o, Bàbá télọ̀!” Lọ́jọ́ ìtúnu àwẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bu ẹran fún. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ dáadáa á rí i pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò.

Àwẹ̀ parí, pajápajá kò mọ̀. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń ṣàìsàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè dá wà. Wọ́n ń wá kí i láràárọ̀, wọ́n ń wá kí i lálẹ́, a kì í sì í fi ọwọ́ lásán wá kí aláìsàn. Ìpinnu gbogbo wọn ni pé àìlókun ló ń fa pajápajá, ohun dídùn ló sì ń mú okun wá. Ẹni tó gbé mínírà wá, gbé mínírà. Ẹni tó gbé oyin wá, gbé oyin. Ìyá Ganiat ní tirẹ̀ á po tíì lálaalẹ́, á da mílíìkì agolo sí i títí á fi funfun, á kó ṣúgà oníkúúbù sí i títí ṣíbí fi fẹ́ẹ̀ lè dá dúró nínú rẹ̀. “Ẹ mu ún tán o, Bàbá Mùsílíù, kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú.” Jíbrílù á mu ún tán. Òǹgbẹ á gbẹ ẹ́, á mu mínírà lé e. Láàárín òru á dìde tọ̀, á tún dìde tọ̀. Ara rẹ̀ ń jò lọ, ṣòkòtò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ń yọ nídìí rẹ̀, pajápajá sì ń le sí i. Bó ti ń le sí i ni wọ́n ń gbé mínírà wá sí i. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn wa fi oore pa wá.

Hàwáwù ló kọ́kọ́ fura. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi bútà da omi sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó fi ṣe àlùwàlá, ó bá rí ohun kan tó ń dán ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

“Kí lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀?”

“Mi ò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀.”

Hàwáwù tẹ̀ ba, ó fà á yọ. Píìnì ìránṣọ ni, ó wọlé dé orí. Jíbrílù wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ tó ń pariwo bẹ́ẹ̀ lóru, lọ́sàn-án ló wá yadi. Hàwáwù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi píìnì náà gún etí gèlè rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹsẹ̀ náà títí Jíbrílù fi kírun tán.

Kò pẹ́ sí i ni ó gbé póò tí ọkọ rẹ̀ fi tọ̀ lóru jáde láàárọ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó tó lọ bomi. Kó tó padà dé, èèrà ti bò ó. Wọ́n tò wá láti ara ògiri bí ẹni ń bọ̀ níbi sàárà. Inú bí Hàwáwù. Ó gba iwájú ilé lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ.

“Bàbá Mùsílíù, ẹ ń da mínírà sínú póò?”

“Èmi! Ta ní í da mínírà nù?”

“Kí wá ni èèrà ń wá níbẹ̀? Ṣé wọ́n wá kí yín ni?”

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Afusat lorúkọ rẹ̀, ọsibítù ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, Jíbrílù ló sì máa ń rán yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ń dán ọ̀kan tuntun wò lórí aṣọ ara rẹ̀. Ó ti ki ọwọ́ kan bọ apá, èkejì ṣì wà níta. Bó ti gbọ́ èèrà, ó dúró gbagidi.

“Ìyá Mùsílíù, ṣé inú ìtọ̀ ni èèrà wà?”

“Inú ìtọ̀ ni, Nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi bi í.”

Afusat kò bi í ní ti mínírà. Ó bi í ní ti òǹgbẹ, ó bi í ní ti ìtọ̀ òru, ó bi í bóyá ó ń rù. Ìgbà tí Hàwáwù yọ píìnì létí gèlè, tó sì sọ ibi tó ti fà á yọ, Afusat gbá Jíbrílù lọ́wọ́ mú. “Bàbá, ẹ wọ bàtà yín. À ń lọ sí ọsibítù báyìí.” Bó ṣe mú wọn gba ojú títì lọ nìyẹn, ti òun ti yúnífọ́ọ̀mù aláìlápá kan tí píìnì ṣì wà lára rẹ̀ yíká. Gbogbo ẹni tó pàdé wọn ló yà fún wọn lọ́nà.

Dókítà tó rí wọn kò dàgbà ju Mùsílíù lọ, àmọ́ ó fara balẹ̀. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní kí Jíbrílù di ojú, ó ń fi òwú kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀, ó sì ń bi í pé ibo ló kàn. Nígbà tó dé ọrùn ẹsẹ̀, Jíbrílù kò dáhùn mọ́. Ó rò pé dókítà ti dáwọ́ dúró ni.

“Bàbá, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe yín,” ni dókítà wí. “Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó ti ń ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ nǹkan lára jẹ́. Ìyẹn ló fi kú lọ́sàn-án, òun náà ló sì ń fa pajápajá yín lóru.”

Hàwáwù káwọ́ lérí. Afusat gbá a mú léjìká. Dókítà ní kò tíì di ẹkún, àìsàn là ń wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ó ka ohun tí Jíbrílù yóò máa ṣe fún un: kó máa lo oògùn láràárọ̀ láìpa ọjọ́ kan jẹ, kó dẹ́kun mínírà, oyin àti ṣúgà, kó dín ẹ̀bà kù, kó má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, kó sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Kó tó sùn, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri, kó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kó má jẹ́ kí gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun lè nà. Bí pajápajá bá wá dé, kí ẹnì kan di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó fà á sókè sí ìhà ojúgun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi han Hàwáwù, Hàwáwù sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó rí i.

“Ǹjẹ́ ẹ ní ìbéèrè, Bàbá?”

Jíbrílù wo Afusat, ó wo ilẹ̀. “Ọ̀kan péré ni, Dókítà. Ṣé ìyàwó mi á lè padà sórí bẹ́ẹ̀dì?”

Afusat kọjú sí fèrèsé. Ejìká rẹ̀ ń mì. Hàwáwù fi etí gèlè bo ẹnu. Dókítà ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀, sà,” mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ohun kan ló ba Jíbrílù nínú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, nítorí oògùn náà kò fẹ́ inú òfìfo. Láti kékeré kò pa àwẹ̀ jẹ rí. Ó lọ bá Àlùfáà mọ́sálásí wọn, ó rò pé yóò sọ ohun mìíràn. Àlùfáà ní, “Ọlọ́hun tó ní ká gbààwẹ̀ náà ló ní kí aláìsàn jẹun. Bọ́ tálákà, kí o gbádùn.” Jíbrílù gbà, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún lọ́kàn pé oṣù ńlá náà yóò wọlé, òun kò ní ní ìpín nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn àtọ̀gbẹ dé ilé, Ìyá Ganiat jókòó sílẹ̀, ó sunkún. “Èmi ni mo fi tíì pa Bàbá Mùsílíù!” Jíbrílù ní kó má sunkún, tíì náà dùn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni Ìyá Ganiat ń gbé wá, ẹni tó bá sì gbé mínírà wọlé, òun ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lálẹ́, Jíbrílù á jáde sí àgbàlá níbi tí afẹ́fẹ́ wà, á fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, á na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, á máa mí. Bàbá Mọ̀núrù rí i lálẹ́ àkọ́kọ́, ó sáré dé.

“Jíbrílù! Kí ni ilé bàbá mi ṣe ọ́ tí o fi ń tì í ṣubú?”

“Bàbá, ìwòsàn ni. Dókítà ló ní kí n máa ṣe é.”

“Kí dókítà lọ ti ilé bàbá tiẹ̀!”

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Ìyá Ganiat tí orúnkún ń dùn bá ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jíbrílù, ó ní ó dẹ òun lára. Àwọn mìíràn náà dara pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òṣùpá mọ́lẹ̀, a rí Bàbá Mọ̀núrù fúnra rẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká, ó ń ti ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹni tó bá yọjú láti òpópó á rò pé ilé ló kọṣẹ́ bíi mọ́tò tí wọ́n ń tì í kó lè ṣíná. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín lẹ́yìn rẹ̀, kò sí irú rẹ̀ nílé náà láti ìgbà ìtúnu àwẹ̀.

Pajápajá kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dé, Hàwáwù á sáré wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, á di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, á máa fà á wá díẹ̀díẹ̀, á máa wí pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ó ń lọ, ó ń lọ.” Lóòótọ́ á sì lọ. Jíbrílù mọ fífà náà lára, àmọ́ ẹsẹ̀ tó kú náà kò mọ ọwọ́ Hàwáwù lára. Ìyẹn kì í jẹ́ kó lè tètè sùn padà. Nígbà tó yá, ó di pé pajápajá ń pa ọjọ́ jẹ. Nígbà tó tún yá, ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí igbe, àmọ́ àwọn ará ilé tó ń sùn dáadáa kò tilẹ̀ fura. Jíbrílù dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àyìnkẹ́, kò dé mọ́ o.”

“Ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i díẹ̀,” ni Hàwáwù wí. Òótọ́ rẹ̀ ni pé ojú ń tì í. Gbogbo ilé ló rí i nígbà tó ń ká ẹní lọ. Bó bá padà, tí ẹsẹ̀ sì tún tì í jáde, àwọn obìnrin á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Lálẹ́ tí wọ́n rí oṣù àwẹ̀, gbogbo ìlú ń hó. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ sì ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jíbrílù ti dùbúlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Hàwáwù wọlé pẹ̀lú ẹní kíká àti ìrọ̀rí lábíyá.

“Kì í ṣe nítorí yín ni mo ṣe wọlé o. Òjò ni.”

“Mo gbọ́. Òjò náà kú iṣẹ́.”

“Àti ẹ̀fọn.”

“Ẹ̀fọn náà kú iṣẹ́.”

Hàwáwù rẹ́rìn-ín, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo sípíríǹgì sì kí i káàbọ̀. Ẹ̀rù ń ba Jíbrílù. Ó na ara gbọọrọ bí igi, kò fẹ́ mira rárá. Ṣùgbọ́n Hàwáwù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti ẹni tó lóyún, Jíbrílù sọ ti lọ́yà tó purọ́, wọ́n dé Kàdúná, wọ́n kúrò ní Kàdúná. Ọ̀rọ̀ oṣù púpọ̀ ló wà nílẹ̀. Wọn kò mọ ìgbà tí oorun gbé wọn. Ẹsẹ̀ kò ta. Oorun dùn ju oyin lọ.

Ohun tó jí wọn ni ohùn ladani: “Àṣàláátù káírun mínan náúmi!” Ìrun sàn ju oorun lọ.

“Sùbúhánà-lláhì!” ni Bàbá Mọ̀núrù ké nínú yàrá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ń ṣí ní àtọ̀tún àtòsì. Ilẹ̀ ti mọ́ bá gbogbo ilé! Kò sí ẹni tó dáná, kò sí ẹni tó fi omi kan ẹnu, àwẹ̀ ọjọ́ kìíní sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ganiat dúró láàárín àgbàlá, ó gbé ìkòkò òfìfo dání.

“Jíbrílù kò ké!”

Gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn Jíbrílù. Èrò kan náà ló wọ wọn lọ́kàn. Èèyàn tí igbe rẹ̀ kì í yẹ̀ láwẹ̀ èṣí, tó ń ṣàìsàn, tó wá dákẹ́ lójijì. Bàbá Mọ̀núrù ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. “Jíbrílù! Jíbrílù ọmọ mi! Dá mi lóhùn!”

Ilẹ̀kùn ṣí. Hàwáwù ló yọjú, ó ró ìró lé àyà, irun rẹ̀ rí jáńjálá, àmì ìrọ̀rí sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, Jíbrílù jókòó, ó ń nu ojú bí ọmọ ọwọ́.

Ìyá Ganiat wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹní níbẹ̀. Ó wo Hàwáwù. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ṣíjú sókè.

“Ẹ gbà mí o! Ìyá Mùsílíù ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì!”

Ebi ń pa wọ́n, ọ̀nà àwẹ̀ sì jìn, àmọ́ ẹ̀rín tí ilé náà bú lójú ìdájí yẹn, ó jí àwọn tó wà ní òpópó kejì. Hàwáwù fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n kò tún ká ẹní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn. Bàbá Mọ̀núrù fi ọ̀pá rìn lọ bá olórí oníwéré.

“Ṣebí ẹ ti ní tiyín, Bàbá?” ni ọmọ náà wí. Wọ́n ti pín òpópó láàárín ara wọn, kò sí ẹni tí òpópó ti Bàbá bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ní kí Bàbá padà wá lámọ́dún.

Lẹ́yìn ìṣínu, gbogbo ilé péjọ sí àgbàlá. Ìyá Ganiat ní, “Tí a bá fún un ní tíì aládùn kan, ife kan péré lálẹ́ yìí, bóyá ẹsẹ̀ náà á rántí.” Hàwáwù gbé ìgbákọ sókè. “Ẹni tó bá fún ọkọ mi ní ṣúgà, èmi àti onítọ̀hún ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jíbrílù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọ̀sán ló ti jẹun bí dókítà ṣe ní kó jẹ ẹ́, oúnjẹ náà kò sì lọ lọ́fun rẹ̀ nígbà tí ebi ń pa àwọn tó kù nítorí oorun òun. Ó dìde.

“Ẹsẹ̀ kò dùn mí mọ́, Àlùámúdù lílà. Àmọ́ ọ̀fun mi kò ṣàìsàn. Mo máa ké fún yín.”

Nọ́ọ̀sì Afusat yá a ní aago kékeré kan, èyí tí ohùn rẹ̀ kò lè jí ju ẹni tó bá fi orí lé e lọ. Jíbrílù fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tó dún lójú ìdájí, ó dìde jókòó láàárín bẹ́ẹ̀dì, ó rọra mí kanlẹ̀, ó sì ké:

“Yéè! Ẹsẹ̀ mi o! Yéè!”

“Àlùbáríkà!” ni Bàbá Mọ̀núrù dáhùn láti yàrá rẹ̀. “Ọlọ́hun á san án, Bàbá télọ̀!” ni Ìyá Ganiat wí, iná sì ti ràn ní ààrò rẹ̀. Jíbrílù nìkan ni kò ní í gba ààwẹ̀ nílé náà, òun ni gbogbo ilé sì ń tipasẹ̀ rẹ̀ gbà á.

Ṣùgbọ́n Hàwáwù kò tíì jí dáadáa. Bó ti gbọ́ igbe, ó ta sókè, ojú rẹ̀ ṣì dì, ó táràrà wá ẹsẹ̀ òsì, ó gbá a mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ ìka rẹ̀ wá. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ó ń lọ, ó ń lọ.”

“Àyìnkẹ́, sàárì ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀.”

Hàwáwù la ojú. Ó rántí. Ó fi ìrọ̀rí lù ú, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Jíbrílù mọ nǹkan kan lára ní ẹsẹ̀ òsì. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn láti òdì kejì aṣọ nípọn, kò tíì yé e tán, àmọ́ ó gbóná, ó rọ̀, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni.

“Má tíì lọ dáná,” ló wí. “Dì í mú díẹ̀ sí i.”